"Ohun Yòówù Kó Fà Á": Lámèyítọ́ Ìpolówó Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Kan Láti Ayé Ọbabìnrin Victoria

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí òun náà ti di ìyá àgbà báyìí, tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Àwòrán kìíní jẹ́ ti ìgò aláwọ̀ búlúù kan tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù àtijọ́. Wọ́n da ọ̀rọ̀ mọ́ ara dígí ìgò náà, èèyàn sì lè fi ìka kà á: Clarke's World Famed Blood Mixture. Àwòrán kejì jẹ́ ti ìpolówó oògùn yìí kan náà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ò gùn: "Sà, ẹ kọ́ wa ní lámèyítọ́ ewì, ẹ kọ́ wa ní ti ìtàn àròsọ. Ṣé a lè ṣe lámèyítọ́ irú èyí náà?"

Mo ní a lè ṣe é. Ohun yòówù tí èèyàn bá fi èdè ṣe láti yí ọkàn ẹlòmíràn padà, iṣẹ́ wa ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí mìíràn tún wà tí n kò fi lè gbójú fo ìpolówó yìí. N óò sọ ìyẹn kí n tó parí. Ẹ ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Francis Jonathan Clarke jẹ́ apòògùn ní ìlú Lincoln, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ta oògùn náà ń jẹ́ Lincoln and Midland Counties Drug Company. Oògùn ọ̀hún pa owó tó pọ̀ wọlé, Clarke fúnra rẹ̀ sì jẹ mẹ́yọ̀ Lincoln. Nítorí náà, kì í ṣe alágbàtà ẹ̀bá ọ̀nà tó ń sá fún ọlọ́pàá là ń sọ. Ẹni iyì ni láwùjọ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bí ẹ bá wo ìpolówó náà, gbólóhùn kan wà lókè pátápátá tí wọ́n fi ṣe adé fún un, èyí tó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ìyè. Ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi dáadáa yóò mọ ibi tí wọ́n ti mú un: ìwé Deuteronómì, orí 12, ẹsẹ 23. Ó yá, ẹ ṣí Bíbélì yín, ká jọ wò ó. Kí ni ẹsẹ yẹn ń sọ gan-an? Òfin oúnjẹ ni. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀jẹ̀ ẹran, ó sì sọ ìdí rẹ̀, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyè ẹran náà wà. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ni látòkè délẹ̀: nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sẹ́nu. Kí ni Clarke wá ṣe? Ó gé ìkìlọ̀ náà sọnù, ó mú ìdí nìkan, ó sì fi ta ohun tí ó fẹ́ kí á máa fi sẹ́nu. Mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì pé ẹni tó bá fa ọ̀rọ̀ yọ, ẹ bi í pé kí ló wà ṣáájú, kí ló wà lẹ́yìn. Ìdí nìyí.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Bram Stoker rí i kó tó di pé wọ́n bí bàbá mi. Nínú ìwé rẹ̀ Dracula, tó jáde ní 1897, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Renfield, tí wọ́n tì mọ́ ilé àwọn tí orí wọn kò pé. Ó ń jẹ eṣinṣin, ó ń jẹ aláǹtakùn, ó gbà pé ìyè wọn ń wọ inú òun. Gbólóhùn Bíbélì yìí kan náà ló dì mú. Nígbà tó yá, Renfield ráhùn pé oníṣòwò oògùn kan ti fa òtítọ́ yìí wọ́ ilẹ̀ débi pé kò níyì mọ́. Stoker kò dárúkọ oògùn náà. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó dárúkọ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń rí i nínú ìwé ìròyìn. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí wọ́n pè ní wèrè ló ṣe lámèyítọ́ ìpolówó tí àwọn ọlọ́pọlọ pípé ń fowó rà.

Lẹ́yìn adé ni orúkọ àwọn àrùn. Ó ń wo egbò àtijọ́, ó ń wo egbò ọrùn, ó ń wo egbò ẹsẹ̀, ó ń wo irorẹ́ ojú, ó ń wo scurvy, ó ń wo egbò jẹjẹrẹ, ó ń wo kókó tó wú, ó ń wo gbogbo àrùn ara àti ti ẹ̀jẹ̀. Orí ìlà tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ló sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe iṣẹ́ lórí ọfọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwítúnwí ni. Bí apọfọ̀ bá ti ń to orúkọ tẹ̀lé orúkọ, tí ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ń padà wá, etí olùgbọ́ á ti gbà kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá ka "ó ń wò ó" lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó ṣòro kó bi ara rẹ̀ pé báwo ni ìgò kan ṣe lè wo irorẹ́ kó sì tún wo jẹjẹrẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé àwọn tiwa náà kì í polówó ni? Ta ló ń ta ọjà tí í pe ọjà rẹ̀ ní burúkú?" Òótọ́ ni. Ìpolówó ọjà jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó dùn jù nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó ń polówó àgbàdo sísè, bó ti wù kó yìn ín tó, ìwọ tí o rà á lo máa gé e jẹ lójú ẹ̀ níbẹ̀. Eyín rẹ ni adájọ́. Bí kò bá dùn, ọ̀la ò ní í rà á mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o rà á kò rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ, o kò mọ bó ti rí lánàá, o kò sì ní í mọ bí yóò ti rí lọ́la. Kò sí eyín tí o máa fi dá ẹjọ́ náà. Ẹni tó ń ta á nìkan ni ẹlẹ́rìí, òun náà sì ni adájọ́.

Bó ti wù kó rí, ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí jù ni gbólóhùn kékeré kan tó fara pa mọ́ sáàárín. Ìpolówó náà ṣe ìlérí pé oògùn yìí yóò fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ kúrò nínú gbogbo ìdọ̀tí. Ó wá fi kún un pé ibi yòówù kí ìdọ̀tí ọ̀hún ti wá. Èèyàn lè kà á kọjá. Ó dà bí àṣọdùn lásán. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni òpó tó gbé ilé náà ró. Bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á wó.

Ẹ jẹ́ ká gbé orúkọ àwọn àrùn yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Scurvy, tí erìgì fi ń ṣẹ̀jẹ̀ tí eyín fi ń mì, àìjẹ èso àti ewébẹ̀ ló ń fà á. James Lind ti fi ọsàn òyìnbó àti òroǹbó dán an wò lára àwọn atukọ̀ ní 1747, ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ṣáájú ìgò Clarke. Kókó ọrùn tó ń wú tó ń ṣọyún, irú kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sábà ń fà á, Robert Koch sì fi kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ han gbogbo ayé ní 1882. Kúrúnà, kòkòrò tíńtín tó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ ara ló fà á. Egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná lè jẹ́ ti ìtọ̀ ṣúgà, ó lè jẹ́ ti iṣan tí kò gbé ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ó lè jẹ́ ti syphilis. Àwọn àrùn yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá. Ohun kan ṣoṣo tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ojú ń rí wọn lára. Ìpolówó náà wá kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí, ó sì sọ fún wa pé kí a má wulẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí yìí, àfiwé ni. Àfiwé tó dára ni pẹ̀lú. Àwa náà ní in lédè wa, àwọn òyìnbó kọ́ ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n àfiwé kì í ṣe àyẹ̀wò. Ara èèyàn ní àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kíndìnrín wa méjèèjì ń sẹ́ omi tó tó lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, wọ́n á sì dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà, wọ́n á wá sọ ìyókù di ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò nílò alágbàfọ̀. Bí wọn ò bá sì ṣiṣẹ́ mọ́, ìgò kò lè ṣe é fún wọn.

Kí ló wá wà nínú ìgò náà? Ní 1909, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Bìrìtéènì tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Secret Remedies. Wọ́n ra àwọn oògùn alákọlé bẹ́ẹ̀ lọ́jà, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú wọn pẹ̀lú iye tó ń ná ẹni tó ṣe é. Ti Clarke wà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe ewé, kì í ṣe gbòǹgbò. Potassium iodide ni, iyọ̀ kan tí gbogbo apòògùn ní lórí pẹpẹ, tí wọ́n pò mọ́ omi dídùn àti àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti ṣọ́ra, kí a má ṣe bú ohun tí kò yẹ ní bíbú. Potassium iodide kì í ṣe omi lásán. William Wallace, dókítà kan ní Dublin, ti ń lò ó fún syphilis láti àwọn ọdún 1830. Bí àrùn yẹn bá ti pẹ́ lára tó sì ti di kókó àti egbò, iyọ̀ yìí máa ń mú kí kókó náà rọ, egbò á sì pa ẹnu dé. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn kan mu oògùn Clarke, tí egbò ọdún pípẹ́ jinná lójú ara wọn. Àwọn tó kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà kò níláti jẹ́ opùrọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn kì í pa kòkòrò àrùn náà. Egbò á jinná, àrùn á dúró sínú. Ẹni tó ní i á rò pé òun ti bọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba iyọ̀ yìí, imú rẹ̀ á máa dà, irorẹ́ á sì yọ sí i lójú. Oògùn tí wọ́n ní ó ń wo irorẹ́! Mo ti gbọ́ nílé wa níbí tí àwọn tó ń ta irú nǹkan báyìí ń sọ pé bí ara bá sú, ìdọ̀tí ló ń jáde. Ó tán. Bí ara bá dán, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí ara bá sú, oògùn ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀nà tí oògùn náà fi lè jẹ̀bi.

Nǹkan tí a fi pamọ́ sẹ́yìn yìí kò mọ sí Lincoln. Ní Lowell, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, James Cook Ayer ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, Ayer's Sarsaparilla. Ìyẹn ní gbòǹgbò nínú. Sarsaparilla jẹ́ ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún tó ń hù ní Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Àwọn ará Sípéènì ti kó gbòǹgbò rẹ̀ lọ sí Yúróòpù láti sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, wọ́n ní ó ń wo syphilis. Ayer fi àwọn gbòǹgbò mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n iodide wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo yin Ayer fún nǹkan kan: ó dárúkọ wọn. Síbẹ̀, orúkọ gbòǹgbò ló wà níwájú ìgò, ohun tí ọwọ́ agbára wà lára rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Ewé ni agbádá, iyọ̀ ni ẹni tó wọ̀ ọ́. Lóde òní náà, káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ti rí oògùn òyìnbó tí wọ́n lọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí lára. Ẹni tó bá fẹ́ràn ewé wa ló yẹ kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́ sí i, nítorí ewé ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ jalè.

Ẹ jẹ́ kí a wo owó rẹ̀ díẹ̀. Ìgò kékeré jẹ́ ṣílè méjì àti sísì. Nígbà tí wọ́n bá ka òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ọn, ó fi tọ́rọ́ lé e. Àpótí tó ní ìlọ́po mẹ́fà jẹ́ ṣílè 11, èyí tí ìpolówó náà ní ó tó láti wo ọ̀pọ̀ àìsàn tó ti pẹ́ sàn pátápátá. Lásìkò yẹn, alágbàṣe oko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà ju bíi ṣílè 13 tàbí 14 lọ lọ́sẹ̀. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún gbogbo ilé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sórí àpótí kan yẹn.

Òǹtẹ̀ tọ́rọ́ yẹn ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Owó orí lásán ni. Láti 1783 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó lórí àwọn oògùn alákọlé, wọ́n á sì lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn láti fi hàn pé wọ́n ti san án. Kò sí ẹnì kankan nínú ìjọba tó tọ́ oògùn náà wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á rí òǹtẹ̀ ọba lára ìgò, ó gbà pé ọba ló jẹ́rìí sí i. A ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára àwọn oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀, ó sì dára kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìgò náà súnmọ́ ojú yín. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí oògùn náà ń sọ pé òun ń wò wò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù lára ìgò náà, òun ló sì kéré jù.

Kí ló dé tí àwọn ìwé ìròyìn kò fi tú àṣírí yìí? Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn. Owó ìpolówó ló ń gbé wọn dúró. Nígbà tí Secret Remedies jáde, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ̀ láti polówó rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní 1912 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní August 1914, lákòókò tí ogun bẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ráyè kà á. Ó di 1941 kí òfin tó fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú oògùn sára rẹ̀. Òfin yẹn kan náà ló fòpin sí òǹtẹ̀.

Kí n má sì ṣe ojúsàájú, àwọn dókítà ìgbà yẹn kò mọ́ tán. Ìwé oògùn tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí ní sarsaparilla nínú. Wọ́n tún gbówó lórí, wọ́n ń wo tálákà láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ní egbò syphilis, kí ni kó lọ sọ fún dókítà tó mọ ìyàwó rẹ̀? Ìpolówó Clarke ní kó fi sítáǹpù ránṣẹ́ nínú lẹ́tà, wọ́n á sì fi oògùn ránṣẹ́ sí i nílé. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà: àìbéèrè.

Ó wá kan ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ọdún 1987 ni. Náírà ti ja wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ yunifásítì kò sì ra nǹkan gidi mọ́. Táyà mọ́tò mi méjì ti di dígí. Bàbá kan tó ń ro àgbo sínú ìgò wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ ìpolówó orí rédíò, ó sì ti gbọ́ pé mo mọ Yorùbá í sọ. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kọ ọ́. Mo sọ ẹ̀jẹ̀ di odò tó ní kó mọ́ kí ẹja tó lè yè. Mo to àrùn mẹ́jọ tẹ̀léra. Mo wá fi gbólóhùn kan de gbogbo rẹ̀ lórí: "Ohun yòówù kó fà á." Mo fẹ́ràn bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Kódà mo lò ó ní kíláàsì, mo fi ṣe àpẹẹrẹ ìlù inú ọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú yín á rántí. Ohun tí n kò sọ fún yín ni pé èmi ni mo kọ ọ́, àti pé ó ra táyà méjì fún mi.

Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́ níkòríta ilé wa. Egbò kan wà ní kókósẹ̀ rẹ̀ tó máa ń fi aṣọ dì. Lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá, egbò yìí mà ti pẹ́ o. Ṣé ẹ ti gbé e dé ọsibítù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Kẹ́mi, kí ni n ó lọ ṣe lọ́sibítù? Wọ́n á ní kí n tọ̀ sínú ìgò, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa bi mí léèrè bí ọlọ́pàá. Èyí tí mo ń mu kì í bèèrè nǹkan kan. Ohun yòówù kó fà á ni."

Mo mọ ọ̀rọ̀ mi. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mo fi sí i gan-an. Mo dúró síbẹ̀, èlùbọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà lọ, mà." Ó ní òun ti gbọ́. Kò lọ. N kò sì sọ fún un pé èmi ni mo kọ ohun tó gbà gbọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé láti Ìlọrin ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà tó gbé e lọ, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ẹsẹ̀ náà sì ti jẹrà. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló gé ẹsẹ̀ rẹ̀? N kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló gé e. Ṣùgbọ́n oṣù tó fi ń mu ìgò yẹn, ọ̀rọ̀ mi wà lára ohun tó mú un jókòó. Ó lo ọdún mẹ́fà sí i, ó ń jókòó ta èlùbọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń fi ènì sí i fún mi. Mo ń gbà á, mo ń dúpẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà wí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní òwe yẹn ni mo jù ú sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi lè sọ fún yín pé kì í ṣe inú ìgò ni ibi tí ìpolówó Clarke ti burú jù wà. Omi dídùn àti iyọ̀ ni ìgò. Gbólóhùn kékeré yẹn, ibi yòówù kó ti wá, ni ewu ńlá. Ìwòsàn gbogbo, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, ì báà jẹ́ tiwa, orí ìbéèrè ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Babaláwo gidi á dá Ifá kó tó já ewé. Oníṣègùn gidi á ní, "Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lo jẹ? Ta ló ti ní irú rẹ̀ rí nílé yín?" Dókítà á ní kí o tọ̀ sínú ìgò. Wọ́n lè ṣi í, wọ́n sì máa ń ṣì í. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè. Oògùn tó bá ti ní ìdáhùn kí o tó la ẹnu, ìwọ kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Àpò rẹ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Sí ìwọ tí o fi àwòrán ránṣẹ́: bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, a lè ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Ìgò búlúù yẹn rẹwà. Gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn máa là á kọjá, fi òdòdó sínú rẹ̀ bó bá wù ọ́. Ìwọ náà sì sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ẹsẹ̀ ń ta ọ́ lálẹ́. Ṣé o ti lọ béèrè ohun tó fà á?

Ire o.